Bí Mojí Oníwáyà Ṣe Kọ́ Láti Pàṣẹ fún Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 1995, bí ènìyàn bá dé Òkokomáíkò tó ní òun ń wá Mojí Oníwáyà, kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ará ìjọ aláṣọ funfun. Àwọn ìyá ìjọ máa ń kùn sí ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́; òun náà á ní kí wọ́n fi yẹ̀rì gun àkàbà wò ná. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá ń rọ́ wọ Ọjà Àlàbá, ó yí sí i. Òun ni yóò wọ inú àjà, tí yóò fa wáyà láti yàrá dé yàrá, títí kọ̀ǹpútà tí kò mọ ara wọn rí yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dún náà, ó so mẹ́ta pọ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí í ṣe ti Dókítà Akínwándé. Ọjọ́ tó parí iṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lọ́lá dúró tì í.

"Àǹtí Mojí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n á lè máa sọ fún wa báyìí, ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti tó gbà? Káàdì tó wà nílẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ká tó yẹ̀ wọ́n wò tán, èéyi á ti mú òmíràn nínú àwọn ọmọ náà."

Mojí rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ọ̀nà ni mo là. Ẹrù tí wọ́n máa gbé gbà á, iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn."

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sílé, ìdáhùn tó fún un kò jẹ́ kó gbádùn. Ọdún márùn-ún ló fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Lọ́jọ́ kejì ó gba Ìyànà Ìbà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà, ará Èkìtì kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tí Mojí ti fa wáyà sí ọ́fíìsì rẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti ń ra ohun tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́?"

"Kì í ṣe rírà. Èdè ni, kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú èyí tí ò ń so kiri yẹn, BASIC ni wọ́n ń pè é. Inú páálí ló ti wà níbẹ̀."

"Èyí tí mò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́?"

"Òun náà ni. Jókòó."

Ìlà mẹ́ta péré ló ní kó kọ: kí kọ̀ǹpútà kọ orúkọ Mojí nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn, orúkọ rẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń dà wìrìwìrì bí òjò. Mojí fò dìde lórí àga. Orí rẹ̀ wú. Nígbà tó máa wolẹ̀, ó ti bọ́ bàtà láìmọ̀, bí ẹni tó wọ ilé àdúrà.

"Sà, ta ló ní kó ṣe é?"

"Ìwọ ni."

Kò kọ́ irú rẹ̀ rí láyé. Ògúnlànà yá a ní ìwé kan tó ń kọ́ni ní BASIC. Bí iná kò bá sí, á fi bírò kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé. Bí iná bá dé, á sáré lọ tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì Ògúnlànà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ̀ fún un, wáyà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, Ògúnlànà bá a lábẹ́ tábìlì.

"Mojí, jáde níbẹ̀. Wáyà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kọ́mà kan lo gbàgbé."

Kọ́mà kan! Ohun tí kò tó ọmọ eèrà ló dá odidi iṣẹ́ dúró.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti tẹ gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà tán, Mojí pa àṣẹ tó kọ fún un ní ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìwòsàn sì pọ ìwé jáde: orúkọ ọmọ mọ́kànlélógójì tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ èéyi wọn ti kọjá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì pé yí i ká. Lọ́lá mú ìwé náà, ó forí lé ọ̀nà Ìbà, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé.

Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó dé nírọ̀lẹ́.

"Àǹtí Mojí, mo rí ọgbọ̀n nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, mo ní ọmọ rẹ̀, Fọláyẹmí, kò tíì gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ti kú láti èṣí. Ọwọ́ àwa náà ló kú sí."

Mojí gba ìwé náà, ó wá orúkọ Fọláyẹmí rí lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ikú. Ohun tí òun kò bá sọ fún un, kò sí níbì kankan nínú rẹ̀. Agbára tó ti ń wú u lórí wá di ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá náà, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Àrínọlá. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Àrínọlá gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Orúkọ ọmọ mi ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ẹ má pa á rẹ́."

Mojí kò pa á rẹ́. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì máa tẹ orúkọ ọmọ tó bá kú sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìlà kan kún àṣẹ rẹ̀, pé kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ wà láyé kó tó pè é. Ìlà kan ṣoṣo yẹn gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó fi máa di 1998, ilé ìwòsàn mẹ́fà láti Òkokomáíkò dé Ọ̀jọ́ ló ń lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́dún náà ni Ògúnlànà pè é kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú wọn nínú ṣòkòtò rẹ̀, òógùn bò ó. Gẹ̀ẹ́sì tó kó sẹ́nu láti ilé sá lọ pátá, ló bá fi Yorùbá sọ ọ́.

"Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe, yóò ṣe é."

Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó kọ ọ́ sílẹ̀.