Ẹyẹ Onígi

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá sí Dublin láti wo òkúta tí a fẹ́ gbé sórí sàréè ọkọ mi, àbúrò rẹ̀. Kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ adé sí òkè òkúta náà, kí orúkọ ìdílé wọn wà lábẹ́ adé. Ní ti àyè ìsàlẹ̀, tí yóò jẹ́ tèmi nígbà tí mo bá kú, ó ní orúkọ bàbá mi ni kí n fi síbẹ̀.

"Orúkọ ọba ni orúkọ wa," ó wí. "Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbà nítorí pé ó lọ́kọ."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Òun ló wà lára aṣọ funfun tí mo fi tọ́jú aláìsàn nílùú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé òun náà ni wọn yóò fi sin mí.

Ará Belgium ni ọkọ mi, láti Flanders. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e wá sí Ireland; ilé iṣẹ́ ìpoògùn kan ní Grange Castle ló ti ṣe é kẹ́yìn. Ìwé dókítà ni èmi wá kà. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé òyìnbó ni mo fẹ́ fẹ́, ó yarí. Nígbà tó yá, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni ìtumọ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀? Mo bi ọ̀rẹ́kùnrin mi. Ó ní "Ọba" ni. Bàbá mi mọ̀ pé nílé tiwa, ẹni tí kò bá ìdílé ọba tan kì í déédéé jẹ́ orúkọ adé. Ló bá gbà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àgbà ilé wa ń kí ọkọ mi, "Ọmọ ọba, ẹ kú ìrìn." Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n kò sẹ́.

Nílé tiwa, gbogbo ọmọ tí o bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ ni, ìbáà ṣe obìnrin. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Láti ìgbà náà, "ìyàwó wa ti Áfíríkà" ló ń pè mí lójú àlejò. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, ó gbàdúrà lójú mi pé kí ẹ̀jẹ̀ ọba borí nínú ọmọ náà. Wọ́n ní ó yẹ kí àgbà máa gbàgbé nǹkan. Èmi kì í ṣe irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí àbúrò rẹ̀ fi hàn mí ní kété tí a ṣègbéyàwó. Ó mú mi lọ sí abúlé bàbá bàbá rẹ̀. Wọ́n ri òpó gíga kan mọ́ àárín pápá, wọ́n to ẹyẹ onígi tí a fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí orí rẹ̀, èyí tó tóbi jù wà ní ṣóńṣó. Àwọn ọkùnrin dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń ta ọfà sókè. Ẹni tó bá ta ẹyẹ ṣóńṣó lulẹ̀ ni ọba ẹgbẹ́ tafàtafà lọ́dún náà. Wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn.

"Irú ọba tí a jẹ́ nìyẹn," ọkọ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní láyé àtijọ́, ìnagijẹ ni wọ́n fi ń mọ ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà yàtọ̀: ti alágbẹ̀dẹ, ti ẹ̀bá afárá, ti onírun pupa. Ẹni tó ta ẹyẹ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè máa jẹ́ "Ọba" títí tó fi kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì máa jẹ́ ẹ lọ. Nígbà tí Faransé ń ṣàkóso wọn, ìjọba ní kí orúkọ má yí padà mọ́. Àwọn mìíràn jẹ́ orúkọ kan náà nítorí pé baba ńlá wọn ṣe ọba nínú eré ọdún, tàbí ó sìn lọ́dọ̀ ọba. Kò sẹ́ni tó lè fi ìbúra sọ èyí tó jẹ́ ti ìdílé kan. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ ní ẹyẹ ni tiwọn, àgbẹ̀ sì ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi o," ó bẹ̀ mí. "Ó ti tẹ adé sórí ìwé tó fi ń kọ lẹ́tà."

Mo dákẹ́ nítorí tirẹ̀. Ó ti kú báyìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wo òkúta náà, ní ilé ìdáná mi, bí ọmọbìnrin mi ṣe ń po tíì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ta ọfà rí?"

"Ọfà kẹ̀?"

"Ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ fún yín, ẹyẹ onígi ló ta lulẹ̀ lórí òpó. Ọba ọdún kan ni. Nígbà tí ọdún yípo, ó padà sídìí màlúù rẹ̀."

Ọmọ mi gbé kẹ́tù kalẹ̀. "Ah Mam, leave it, would you."

Mi ò fi í sílẹ̀.

"Irọ́!" obìnrin náà wí. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Àbúrò yín. Bàbá bàbá yín ló sọ fún un. Ẹ̀yin kò dé abúlé, ẹ ní ó ń rùn."

"Kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìdílé wa?"

"Nílé tiwa, ìyàwó ilé ló ń ki ọmọ ilé. Àwa tí wọ́n fẹ́ wọlé la máa ń mọ orírun wọn, torí ọmọ ilé a máa gbàgbé. Èmi ni mo tọ́jú orúkọ yín. Orúkọ kan náà ni yóò wà nísàlẹ̀ àti lókè."

Ó ro tíì rẹ̀ títí. "Adé ńkọ́?"

"Kò sí adé."

"Ó dára. Kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i."

"Ẹyẹ ni wọn yóò fi sí i."

Ọmọ mi kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì tìtì fún ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ sí pápákọ̀ òfúrufú láìdágbére. Kò pè mí mọ́. Èmi náà ò pè é.

Agbẹ́-òkúta tó wà ní Ballycoolin ya ẹyẹ náà, ó jọ adìyẹ. Mo ní kí ó tún un yà. Ó bi mí bóyá kí òun fi orúkọ tèmi sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Mo ní rárá, kí ó gbẹ́ ẹ báyìí, kí ó jìn tó ti ọkọ mi. N ò ní fi í sílẹ̀ de ẹni tó máa sin mí. Mo fa àga, mo sì jókòó tì í títí ó fi parí rẹ̀.