Ààyè Karùn-ún Níwájú Ilé Jímọ́ọ̀

Ẹni tó bá mọ Jímọ́ọ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló lò ní Àbíjàn kó tó padà sí Ẹ̀jìgbò. Iṣẹ́ ọkọ̀ ló ṣe níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ títí tó fi di ẹni tó ń darí ọkọ̀ ní gáréèjì ńlá. Ó lè wo ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan péré kó sọ iye mọ́tò tí yóò gbà. Èmi télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ilé bàbá rẹ̀, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá dé ọ̀run, yóò ní kí àwọn máláíkà sún sẹ́yìn díẹ̀ kí àyè lè gba ẹlòmíràn.

Ohun kan ló wà tí Jímọ́ọ̀ kò mọ̀, ohun tí ọmọ ọdún méje nínú ilé yẹ kó mọ̀ ni. Kò mọ ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí.

Ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú u bó bá wù yín. Ó ku ọdún márùn-ún kó padà wálé ni ìyá náà kú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pè é gan-an ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ ṣí gáréèjì tiwọn, ó ní òun ń bọ̀ fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Kò wá. Ó ní òun ń bọ̀ fún ogójì ọjọ́. Kò wá. Ìtìjú pé kò wá ni kò sì jẹ́ kó wá lọ́dún kejì, àti ọdún kẹta.

Nílùú tiwa, ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé kì í tíì mu omi tí yóò fi lọ kí òbí rẹ̀ tó ti kú lójú sàréè. Lọ́jọ́ tí Jímọ́ọ̀ dé, èrò kún iwájú ilé. Sàréè bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ tòun ti sìmẹ́ńtì àti orúkọ lára. Ti ìyá kò ní nǹkan kan lórí, nítorí àwọn àfáà ti ní kí wọ́n má kọ́ ohunkóhun lé e. Òkúta mélòó kan ni wọ́n fi sàmì sí i, ọ̀gbàrá sì ti gbé àwọn òkúta náà lọ. Jímọ́ọ̀ tẹ́wọ́ àdúà níwájú sàréè bàbá rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀, àwọn èèyàn ṣe àmín. Wọ́n rò pé àwọn méjèèjì ló kí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rò pé ẹlòmíràn ti fi ti ìyá hàn án. Ó yẹ kó béèrè lọ́jọ́ náà, kò béèrè. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ìbéèrè náà ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ sí i, títí ó fi pé ọdún mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ fún mi pé bí òun bá jí láàárọ̀, ojú a máa ti òun láti tẹ ilẹ̀ ilé bàbá òun.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ètò ọkọ̀ fi dé. Ẹ ṣáà mọ bí àárín ìlú ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ọjà. Mọ́tò a tò lápá ọ̀tún, wọn a tò lápá òsì, ọ̀kadà a gba àárín, ẹni tó ru iṣu a sì dúró títí ọrùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú. Àwọn ọlọ́jà àti àwọn kan tó mọ̀ nípa ètò ìlú bá fẹnu kò pé kí wọ́n dán nǹkan wò fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí iwájú ilé rẹ̀ bá fẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tí ọgbà rẹ̀ ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́sálásí tí kì í lo tirẹ̀ tán àfi ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ jọ máa lò ó. Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò síbẹ̀ yóò tẹ nọ́ńbà kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò wá gbé e wọ ọjà, yóò sì gbé tòun tẹrù padà. Àwọn ará abúlé náà lè pè láti etí ìlú. Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ní kó máa darí rẹ̀. Iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Ọláṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà tó wá wọn ilẹ̀, mọ ilé Yorùbá dáadáa. Kò tíì na téèpù rẹ̀ tó fi béèrè.

"Ẹ má bínú o, sà. Ṣé kò sí sàréè míì níbí yàtọ̀ sí èyí?"

"Ti bàbá mi nìyẹn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí i ká."

"Ti màmá ńkọ́, sà?"

A tó márùn-ún tí a dúró níbẹ̀, ayálégbé àti ayáṣọ́ọ̀bù tó dé lẹ́yìn ìsìnkú náà ni gbogbo wa, kò sí ọmọ ilé kankan; àwọn tó mọ̀ nínú wọn ti fọ́n ká sí ìdálẹ̀. Jímọ́ọ̀ wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà," ló wí.

Bí wọ́n ṣe da ẹ̀kúùtà, òkúta wẹ́wẹ́, sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó le, wọ́n fi ọ̀dà funfun la ààyè mọ́tò mẹ́jọ, wọ́n sì kọ nọ́ńbà síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà yọrí. Láàárín oṣù kan, èèyàn ti lè rìn já àárín ọjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Jímọ́ọ̀ so fèrè mọ́rùn, ó ń fi Faransé àti Yorùbá dáhùn fóònù pọ̀: "Dákọ̀ọ̀, mo ti gbọ́, kẹ̀kẹ́ ń bọ̀!" Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Mo rò pé ó tiẹ̀ ti fẹ́ máa gba irọ́ rẹ̀ gbọ́, pé bóyá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà lóòótọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni Ìyá Ọlà pe nọ́ńbà náà. Sàrátù lorúkọ wọn, àbúrò ìyá Jímọ́ọ̀ ni wọ́n, ìlú Ọlà ni wọ́n lọ́kọ sí. Nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ó ti lé lọ́dún kan tí wọn ò ti wọ Ẹ̀jìgbò.

"Jímọ́ọ̀, wọ́n ní o ní kẹ̀kẹ́ kan tó ń gbé arúgbó dé ẹnu ilẹ̀kùn."

"Ẹ ṣáà ti dé etí ìlú, Màmi. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ rìn mọ́."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré wá sọ fún mi pé Ìyá Ọlà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ òun.

Ààyè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti kún nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kí wa, wọn ò jókòó. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ tààrà sáàárín àwọn mọ́tò, wọ́n sì dúró níwájú Kòrólà eléérú kan tó wà ní ààyè karùn-ún.

"Jímọ́ọ̀."

"Màmi."

"Ta ló gbé mọ́tò lé ìyá ẹ lórí?"

Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe rọ. Ó lè sọ òótọ́ nígbà yẹn, Ọlọ́run rí i pé àyè wà. Ariwo ló pa.

"Mo sọ fún wọn! Mo ní kí wọ́n má gbé nǹkan kan síbẹ̀! Àwọn èèyàn yìí ò gbọ́ràn!"

Òun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó ń fi ọwọ́ méjèèjì pe mọ́tò náà wọlé, "Máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó." Ó tún wá pe ẹni tó ni mọ́tò náà lórí fóònù, lójú Ìyá Ọlà, lójú gbogbo wa: "Ṣé ẹ ò lójú ni? Orí ìyá mi lẹ gbé mọ́tò lé!" Mo bá a tijú. Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí n ò rán.

Olùkọ́ obìnrin kan láti ìlú Àrà ló ni mọ́tò náà, Ìyìnolúwa lorúkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé, ó ti fi ọjà tó ń rà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ wa mọ́tò kúrò, Jímọ́ọ̀ sì ń fi ọwọ́ júwe fún un nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ lórí ẹ̀kúùtà.

"Ẹ dákun, Màmá. Ẹ dákun, sà, ẹ forí jì mí. N ò mọ̀ pé ìyá yín ló wà níbẹ̀." Ó ń sunkún.

Èrò ti pé jọ. Wọ́n ń bú àwọn ọlọ́kọ̀ ayé òde òní. Kí Jímọ́ọ̀ ṣáà ti ní ó ti tán, ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó wo obìnrin náà lórí eékún rẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní. "Èmi náà ò mọ̀."

"Kí lo wí?" Ìyá Ọlà béèrè.

"Mo ní n ò mọ̀, Màmi. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, n ò mọ ibi tí ẹ sin wọ́n sí. Ojú ń tì mí láti béèrè."

Ìyá Ọlà wò ó títí, mo rò pé wọn yóò gbá a létí. Ọ̀pá ọwọ́ wọn ni wọ́n gbé, tí wọ́n fi ń júwe ilẹ̀ fún un.

"Orí ẹ̀gbọ́n mi ló wà lápá ibí. Ẹsẹ̀ wọn ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Ibi tí o dúró sí yẹn, àyà wọn ni."

Jímọ́ọ̀ wo ilẹ̀, ó sì sún kúrò.