Orin Tí Yìnyín Kọ fún Ìyá Rẹ̀

Yìnyín ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí fíríìjì ló ń tún ṣe. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nídìí orin náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sóhun tó tutù lára ọmọ náà bó bá ti gbá máìkì mú. Rẹ́gẹ́ àti dáńsì-họ́ọ̀lù ló yàn láàyò. Tó bá ń kọ rẹ́gẹ́, á máa fa ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò kánjú débi kankan. Tó bá kan dáńsì-họ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ wìtìwìtì, bí ìgbà tí ẹnìkan ń lé e bọ̀.

Orin mẹ́ta ló ti gbé jáde. Ẹnu àwọn oníbàárà ló ti ṣa àkọ́kọ́, "Ṣó Ti Tutù?", nítorí ìbéèrè tí wọ́n ń bi í láràárọ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ àdúgbò sì jó o títí bàtà fi já. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin yìí ló jẹ ẹ́ lógún jù. Ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀ tó dá nìkan tọ́ ọ, ló kọ ọ́ fún. Rẹ́gẹ́ jẹ́jẹ́ ni, ègbè rẹ̀ ò sì ju gbólóhùn kan lọ: ìyá ló tọ́ mi dàgbà.

Bó ṣe parí rẹ̀ ló sáré gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí okùn aṣọ. Ó fi fóònù sí i létí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gbé ipò kìíní. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó sá aṣọ ìbùsùn kan, ó nà án dáadáa, kò wẹ̀yìn.

"Màmá, àbí kò dùn ni?"

"Ó dùn. Ṣé ìyà ló wá tọ́ ẹ dàgbà, ọmọ mi? Mo ṣe bí èmi ni."

Àyà Yìnyín já. Ó tún un gbọ́. Háà! Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin náà, ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, òun náà sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó yẹ kí ohùn gòkè gan-an ló ti rì, ni ìyá bá di ìyà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ti gbọ́ ọ ní situdíò láìmọye ìgbà, wọ́n kàn ń mi orí bí alángbá.

Ó padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń bá a to orin, ó ní àwọn gbọ́dọ̀ tún un kọ. Ìyẹn fárígá.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn gan-an ladùn orin yìí! Ta ni ò ní mọ̀ pé ìyá lò ń wí?"

"Ìyá náà ni ò mọ̀," Yìnyín dá a lóhùn.

Ni wọ́n bá tún un kọ. Báàsì ń lọ sísàlẹ̀, Yìnyín ń lọ sókè, ọ̀fun fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ká má parọ́, adùn orin náà dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè fi adùn orin sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀, ẹ bá mi fà á mọ́ra.

Ó gbé tuntun lọ fún Màmá. Nígbà tó débi ègbè, omi lé ròrò sójú obìnrin náà, kò sì fi pa mọ́.

"Èmi nìyí," ó ní. "Ti àkọ́kọ́ yẹn wá ńkọ́?"

"Mo fẹ́ pa á rẹ́, Màmá. Ẹ má bínú."

"Má pa á rẹ́ o. Kọ ọ́ mọ́ ọn. Èmi àti ìyà la jọ tọ́ ẹ."