Òbúkọ tí Ìyá Mi Fi Òrí Ra Lára

Òórùn òbúkọ ni mo gbé wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kì í ṣe pé n kò wẹ̀. Mummy ti wẹ̀ mí, ó ti fi fáàsílììnì ra mí lójú, lọ́rùn, ní ìgúnpá àti ní orúnkún, títí mo fi ń dán. Ṣùgbọ́n òórùn náà ti wọ inú irun mi àti inú kóòtù iléèwé mi, kò sì ní í lọ. Ọmọkùnrin tó jókòó níwájú mi fọwọ́ bo imú, ó wo ojú fèrèsé, ó ní afẹ́fẹ́ Belvedere tún ti dé. Gbogbo òórùn tó bá ti fẹ́ wá sí Thamesmead wa ní London nígbà náà, Belvedere la máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tó wà létí odò lọ́hùn-ún. Mo ní kì í ṣe Belvedere, èmi ni. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ lópin àwọn ọdún 1980 á rántí àwọn afárá onísìmẹ́ńtì tó so ilé kan mọ́ òmíràn, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń ká aṣọ mọ́ wa lójú bí a bá ń ti iléèwé bọ̀. Ẹ á rántí ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn Nathan Way, níbi tí àwọn ẹṣin ti ń jẹko láìsí ẹni tó mọ olówó wọn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni oko kékeré kan wà tí obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Miss Jean ń bójú tó. Bàtà rọ́bà kò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ó fẹ́ kí àwa ọmọ ìgboro mọ̀ pé inú fíríìjì kọ́ ni ẹran ti ń wá. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú wa ní òbúkọ kékeré kan tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, pé ká máa bọ́ ọ, ká máa gbá ilé rẹ̀, ká kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú okùn, títí di ìgbà ooru tí ìdíje yóò wáyé.

Miss Jean kò tàn wá jẹ. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kìíní pé ẹran jíjẹ ni wọ́n. Adájọ́ yóò fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn láti mọ bí ẹran ara wọn ṣe ki tó, lẹ́yìn náà a ó tà wọ́n fún alápatà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló lè yọ. Ọmọ tí òbúkọ tirẹ̀ bá ṣe ipò kìíní ló máa yàn fúnra rẹ̀, bóyá kí wọ́n tà á, tàbí kó máa gbé inú oko náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dání lọ sílé.

Daddy ń wa kábù nígbà náà. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo gbé ọmọ wá sí London kó wá máa sin ewúrẹ́! Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ní Ìjẹ̀bú, ṣebí London ni wọ́n ń wá." Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ ìdíje àti ife ẹ̀yẹ, ẹ̀rín dúró. Ó bi mí bóyá àwọn òyìnbó náà wà nínú rẹ̀. Mo ní òyìnbó ló pọ̀ jù. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá mi ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ewúrẹ́. Ó ní inú agbo ẹran ni wọ́n bí òun sí, pé kò sí ohun tí Miss Jean fẹ́ kọ́ òun. Mummy gbé ojú kúrò lórí ẹ̀wà tó ń ṣà, ó ní, "Múṣín ni wọ́n bí i sí o. Ẹran tó mọ̀ kò ju èyí tó ń bẹ nínú ọbẹ̀ lọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́."

Gbogbo ọmọ ló sọ òbúkọ tirẹ̀ lórúkọ. Kelly, tí ilé wọn wà ní àjà ìsàlẹ̀ tiwa, pe tirẹ̀ ní Biscuit. Ó búra pé òun kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ Biscuit láéláé, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló dé tó fi orúkọ oúnjẹ sọ ẹran tí kò fẹ́ kí wọ́n jẹ. Ìyá rẹ̀ máa ń wò mí pẹ̀lú ojú àánú kan báyìí, bí ẹni tó ti ń rí ìkòkò lẹ́yìn mi. Tèmi ní irùngbọ̀n, ó máa ń gbé àyà síwájú, ó máa ń wo èèyàn láti òkè délẹ̀ kó tó jẹun. Ìrìn rẹ̀ jọ ti alága ẹgbẹ́ Daddy bó bá ń wọ inú ìpàdé. Mo sọ ọ́ ní Alága.

Daddy kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. "A kì í sọ ẹran ọbẹ̀ lórúkọ," bẹ́ẹ̀ ló ń wí. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè lójoojúmọ́ pé, "Alága ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹun?" Èmi náà kì í bá a sọ̀rọ̀ láìlo "ẹ". "Alága, ẹ dìde. Alága, ẹ má jẹ okùn bàtà mi." Mummy gbọ́ mi níjọ́ kan, ó figbe ta. "Ẹ wá wo ọmọ! Ó ń sọ 'ẹ' fún ewúrẹ́, èmi tí mo bí i, 'Mummy, o ti cook?' ló ń sọ fún mi."

Miss Jean ní koríko gbígbẹ àti oúnjẹ inú àpò nìkan ni kí a máa fún wọn. Daddy gbọ́, ó sì kẹ́gàn rẹ̀. Bó bá ti já èrò sílẹ̀ ní Woolwich, á yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé wa, á kó èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, á gbé e wá fún mi létí ọgbà bí ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́. Èèyàn kan tó wọ kábù rẹ̀ lọ́jọ́ kan bi í pé kí ló ń rùn. Ó ní ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ òun ni. Alága ń sanra. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, inú mi sì ń dùn, nítorí mo mọ̀ pé bó bá ṣe sanra tó ni yóò ṣe pẹ́ láyé tó. N kò fẹ́ ife. N kò fẹ́ kí wọ́n pa á, ìyẹn nìkan ló jẹ mí lógún.

Ọjọ́ ìdíje pé. Daddy ti pe ìdajì mọ́ṣáláṣí wá. Àwọn Uncle wọ agbádá, wọ́n dúró létí ọgbà, wọ́n ń tọ́ka sí àwọn òbúkọ, wọ́n sì ń jiyàn lórí èyí tí yóò dára fún ẹran díndín. Ojú àwọn ìyá òyìnbó tó wà níbẹ̀ le. Èmi ti lọ wọ aṣọ funfun tí wọ́n fún wa, mo fi Alága sọ́wọ́ Mummy kó bá mi mú un dání díẹ̀. Iṣẹ́ Mummy ni láti máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, kò sì lè rí ẹ̀dá alààyè kó má wẹ̀ ẹ́. Kí n tó padà dé, ó ti yọ ike òrí inú báàgì rẹ̀, ó ti fi ra Alága láti orí dé ìrù. Ó ra á létí. Ó ra á lórúnkún. Irun ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ, gbogbo ara rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn. Mo ní, "Mummy, what have you done?" Ó ní, "Kí ni mo ṣe? Wo ara àwọn tó kù bó ṣe funfun bí ti ọmọ aláìníyàá. Kò sí ọmọ tó máa jáde nínú ilé mi kí ara rẹ̀ gbẹ."

Adájọ́ náà jẹ́ arákùnrin kan tó wọ kóòtù funfun. Ó fọwọ́ lé gbogbo ẹran tó kù lẹ́yìn, ó ń mi orí pé ó dára. Nígbà tó kan Alága, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ láti èjìká, ó sì lọ balẹ̀ sí ìdí. Ó tún un ṣe, ó tún yọ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá bi mí ní gbangba bóyá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè é ni. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Òfin ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi òróró kan ara ẹran kankan, ó sì ní kí n jáde kúrò lórí ìlà. Daddy ń pariwo láti òkèèrè pé, "Feel the meat! Just feel the meat!" N kò lè sunkún níbẹ̀. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ alápatà.

Biscuit ló gba ipò kìíní. Wọ́n bi Kelly léèrè ohun tó fẹ́, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú, ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n tà á. Wọ́n ti ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún Kelly, wọ́n sì nílò owó kẹ̀kẹ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, Biscuit wà nínú ọkọ̀ alápatà pẹ̀lú àwọn yòókù, Kelly ń sunkún, ìyá rẹ̀ náà ń sunkún, wọ́n dì mọ́ra wọn. Àwọn èèyàn ń pọ́n wọn lé pé àánú ẹran ń ṣe wọ́n.

Kò sí alápatà tó fẹ́ Alága nítorí òrí ara rẹ̀. Daddy ló rà á. Mo fò mọ́ ọn lọ́rùn, mo rò pé ó gbà á là ni. Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹran Iléyá ti dé." Inú ìgbà ooru ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún náà, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní kó ra òmíràn, kó ra àgbò, kó ra ohunkóhun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Sìdí, ṣé èyí tí o kò fẹ́ràn lo fẹ́ ká fún Ọlọ́run?" Mo dìde, mo lọ bọ́ Alága. Ìbéèrè náà ṣì wà lọ́wọ́ mi di òní.

Lọ́jọ́ ọdún, Mummy pín ẹran náà bí wọ́n ṣe ń pín in, ó ní kí n gbé ti àwọn aládùúgbò fún wọn. Mo gbé abọ́ kan lọ sọ́dọ̀ Miss Jean. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì gbà á. Mo gbé èkejì lọ sílé Kelly. Ìyá rẹ̀ bèèrè pé kí ni. Mo ní Alága ni. Obìnrin náà kígbe, ó fọwọ́ bo etí ọmọ rẹ̀, ó bi mí bóyá àwa yìí tiẹ̀ lọ́kàn. Òórùn sọ́séèjì tí wọ́n ń dín lórí iná ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde wá bá wa. Mo gbé abọ́ mi padà sílé, mo jókòó sídìí tábìlì, mo jẹ ẹ́. Mo ń sunkún, mo ń jẹ. Daddy ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ó dùn. Mo tọrọ sí i.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí Mummy nígbà náà lọ báyìí. Bí Iléyá bá ti dé, mo máa ń fi fóònù san owó sí Nàìjíríà, kí ẹnì kan bá mi pa ẹran níbẹ̀. Ti ọbẹ̀ wa, Woolwich ni mo ti ń rà á, wọ́n á ti fi ẹ̀rọ gé e, n kò sì ní í wò ó kí n tó dà á sínú ìkòkò. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin tí mo rán níṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú fi fọ́tò ẹran náà láàyè ránṣẹ́, kó tó pa á, kí n lè mọ̀ pé kò rẹ́ mi jẹ. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ kíákíá láìwò ó, nítorí mo fẹ́ jẹun. Ọmọ mi obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé, "Mummy, àgbò ni àbí ewúrẹ́?" Mo ní kó jẹ́ kí oúnjẹ mi lọ dáadáa. N kò mọ̀.