Àyẹ̀wò Etí Ẹlẹ́rìn-ín

Aránṣọ ni ìyá náà, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ọdún méje, wọ́n ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ibà líle ló di ọmọ náà létí ní kékeré. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá òun ń ránṣọ, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì màṣíìnì.

Iléèwé àdúgbò kò gbà á. Ti àwọn adití nìkan ló kù, Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn àti Ẹ̀kọ́ ló sì ń mú ọmọ síbẹ̀. Àyè kan ló ṣẹ́kù. Tó bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lónìí, ó parí nìyẹn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tó ń yẹ etí wò kọjú ọmọ sí ògiri, ó lọ sẹ́yìn, ó fi igi lu garawa tó wà nílẹ̀. Gbàà!

Ọmọ yíjú padà.

"Ó gbọ́," ọ̀gá wí. "Ẹ máa mú un lọ, màmá."

"Kò gbọ́ o, ọ̀gá. Ilẹ̀ ló mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ fún un."

"Ẹsẹ̀! Mo ti rí oríṣiríṣi níbí, n ò tíì rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbọ́rọ̀."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín bá wọn rín in.

Ọ̀gá ti ń pe ẹni tó kàn. Ìyá tú ìborùn rẹ̀, ó fa ọmọ sẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n.

"Gìrìpá ọmọ yìí!" ìyá àgbà kan wí. "Ẹ kúkú fún un lọ́yàn."

"Ọ̀gá, ẹ tún un lù. Ẹ ṣe é nítorí Ọlọ́run."

Gbàà! Ìyá ta gìrì. Ọmọ náà ta gìrì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ọ̀gá wí.

"Èmi ni! Ara tèmi ló ta!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá lé wa, ibo ni kí n gbé e lọ?"

Ọ̀gá wò ó títí. Ó tún mú igi.

Ìyá fi eyín di etí ìborùn mú, ó mú gbogbo ara le bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Gbàà! Kò mì. Gbàà! Kò mì. Ọmọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í lẹ́yìn, ó ń fi ìka tú òwú ìborùn.

Ọ̀gá lu òǹtẹ̀. "A ti mú un. Ọ̀la ni mọ́tò máa wá gbé wọn. Inú iléèwé ni wọ́n ń gbé o. Ó di ọlidé kẹ́ ẹ tó rí i."

Ìgbà yẹn ni orúnkún ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ gbé orí sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá ẹni tó lu ilẹ̀.