Iṣu Tí Mo Rù Lọ fún Ẹni Tó Ta Ilé fún Wa

Èmi ni mo kọ́ ọkọ mi láti máa fi iṣu ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ti kú tán, bí mo bá sì fẹ́ parọ́, kò sẹ́ni tí yóò já irọ́ mi.

Ará Sakẹ́tẹ́ ni ọkọ mi. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jà lórí ogún bàbá wọn, ni ẹ̀gbọ́n bá sọ ọ́ lójú gbogbo agbo ilé pé kò ní yàrá kankan níbẹ̀ mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ reluwe wá sí Pobẹ̀, níbi tí ojú irin parí sí, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó èkùrọ́ sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èèyàn kúkurú ni, ṣùgbọ́n bó bá gbé àpò èkùrọ́ kọ́ èjìká, ẹ ó rò pé ìrọ̀rí ló gbé. Ohun kan ló máa ń bẹ Ọlọ́run fún: ilé tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé e jáde níbẹ̀, ìbáà jẹ́ láàyè, ìbáà jẹ́ lókùú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ tí wọ́n fa tiwa sókè ni a rí ilé kan rà ní ìsàlẹ̀ ìlú, létí odò. Àdúgbò náà kéré. Bí ẹnì kan bá sín ní ilé àkọ́kọ́, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ láti ilé tó gbẹ̀yìn. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀, látorí ìyá tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi dé orí ọmọ tó máa ń jẹ amọ̀ ara ògiri. Mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà, wọ́n sì máa ń kí mi.

Yàrá méjì ni ilé náà, ògiri amọ̀, páànù lókè. Bí òjò bá pọ̀, omi á gun òkè dé ẹnu ọ̀nà wa. Nígbà ọyẹ́, ewúrẹ́ á la odò kọjá láìfi orúnkún kan omi. Fèrèsé kan wà tó kọjú sí odò. Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ mi máa ń tẹ́ ẹní sí bó bá tibi iṣẹ́ dé, a sì máa sọ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, gbọ́ bí omi tiwa ṣe ń sọ̀rọ̀."

Bàbá kan tó ń gbé lókè díẹ̀ sí wa ló ta ilé náà fún wa. Ó kọ́ ọ fún ìyàwó rẹ̀ kan, ìyàwó náà sì kú. Lọ́jọ́ tí a máa sanwó, ọkọ mi ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rò pé ká kọ ọ́ sínú ìwé ní bíró kọmandan, lọ́dọ̀ ìjọba?"

Bàbá wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. "Ọmọ mi, ṣé ìwé ló bí ẹ ni? Ojú rẹ rèé, ojú mi rèé. Ẹ gbé ọtí sódabì wá, kí n pe ẹlẹ́rìí."

Ẹlẹ́rìí méjì ló pè. Ọ̀kan ni apẹja kan tí ikọ́ kì í dá lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó ń pa èkùrọ́. Ìyẹn ní òun fẹ́ parí èyí tó wà lọ́wọ́ òun ná. Kí ó tó dìde, a ti ka owó tán, bàbá ti dì í mọ́ aṣọ. Ìyá náà gba ife, ó gbé e mì, ó nu ẹnu, ó wá bèèrè pé, "Ó dáa, kí la ń ṣe?" A rẹ́rìn-ín títí apẹja fi wú ikọ́.

Èmi ni mo sọ ọ́ pé kò tán síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ó yẹ kí iṣu tuntun máa dé ọwọ́ bàbá yìí. Àlejò lẹ jẹ́, ó sì fún yín níbi orí yín máa wà."

"Mo ti sanwó fún un o. Kí ló tún kù?"

"Owó lẹ san. Ẹ ò tíì dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Lọ́dọọdún, bí iṣu bá ti ti oko bàbá mi dé láti Igana, màá to mẹ́ta sínú agbọ̀n, màá fi ìgò sódabì kan lé e, màá gbé e rù, màá gun òkè. Bàbá á fọwọ́ pa iṣu lórí bí ẹni pa ọmọ lórí. "Ìyàwó, ṣé iṣu lẹ fẹ́ fi pa mí ni?" Á wá bá mi fi nǹkan sínú agbọ̀n: ẹja gbígbẹ, tàbí iyọ̀. Lọ́dún kan, adìẹ olójú kan ni. Ó ní, "Ojú kan ni kò fi ríran. Kò ní mọ̀nà padà wá sílé mi."

Apẹja kọ́kọ́ kú. Bàbá tẹ̀ lé e. Kí ọdún tó yí po, inú rírun mú ọkọ mi, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Abẹ́ fèrèsé yìí ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ má gbé mi lọ Sakẹ́tẹ́."

Láyé ìgbà yẹn, inú ilé ẹni ni wọ́n ń sin èèyàn sí. Mo ká ẹní rẹ̀ kúrò, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àkọ́bí bàbá tó ta ilé fún wa wọlé pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dúró! Àlejò kì í sin òkú sínú ilé onílé."

"Ilé wa ni," mo ní. "Bàbá yín ló tà á fún wa."

"Bàbá wa tà á? Kí lẹ wá ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún un sí lọ́dọọdún? Àbí ẹlòmíràn ló ń gun òkè wa, tòun ti agbọ̀n lórí?"

Ìṣákọ́lẹ̀! Ohun tí àgbẹ̀ tó dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń san. 

Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ìyá ẹ̀gbẹ́ wa, òkú wà nínú ilé. Wọ́n pe ìyá náà.

"Ẹ rí iṣu, àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i."

"Lọ́dọọdún?"

"Ọdún kan ò yẹ̀."

"Ẹ rí owó ilé?"

Ó wò mí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Sódabì ni mo rí. Mi ò lè fi ẹnu sọ ohun tí ojú mi ò rí."

Kò parọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dárí jì í títí ó fi kú.

Oòrùn ń mú, òkú ò lè dúró. Kamiọ́n tó ń kó àgbàdo ló gbé ọkọ mi lọ sí Sakẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lé e jáde ló gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó ní, "Ó ti padà wálé." Ó ṣe mí bíi kí n gé e jẹ.

Nígbà tí mo padà dé Pobẹ̀, àwọn ọmọ bàbá ní, "A ò lé yín o, ìyàwó. Ẹ máa gbébẹ̀. Kí iṣu má ṣáà ti dáwọ́ dúró." Ọmọ mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró.

Iṣu tuntun dé. Mo to mẹ́ta, mo gun òkè. Àkọ́bí kó iṣu jáde, ó na agbọ̀n sí mi. Mo gbà á, mo sì dúró.

"Kí ló tún kù?"

"Kò sí."

Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni mo rí i pé agbọ̀n náà fúyẹ́ jù. Àárín ọ̀nà ni ẹsẹ̀ mi ti dúró. Láyé bàbá, agbọ̀n yìí kò ṣófo padà rí. Onílẹ̀ wo ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó tún ń san án padà? Ìyá ẹ̀gbẹ́ wa bá wa jẹ ẹja yẹn. Òun ló fa ìyẹ́ adìẹ olójú kan. Ká ní mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn àgbà pé, "Ìyá, kí ló máa ń wà nínú agbọ̀n mi bí mo bá ń bọ̀?" ẹni tí kò lè parọ́ ì bá ti dáhùn. Ọkọ mi ì bá sì wà lábẹ́ fèrèsé.

Mo bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pa èkùrọ́. Ó na ọrùn wo inú agbọ̀n.

"Wọn ò fi nǹkan kan sí i?"

"Wọn ò fi nǹkan kan sí i."

Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Koríko ti hù lórí sàréè ní Sakẹ́tẹ́ nígbà yẹn. Ta ni yóò hú òkú nítorí agbọ̀n? Mo wọlé, mo gbé e kọ́ ara ògiri, nítorí ọdún tó ń bọ̀.