Ẹ Sún Díẹ̀, Ẹ Ti Wọ Inú Fọ́tò

Ẹni tó bá wo péèjì mi lórí fóònù, á rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ni. Àwòrán mi ló wà lókè pátápátá: mo wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo gbé ọṣẹ dúdú kan dání bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Kóòtù yẹn, mo yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tọ́jú eyín ni. Ọṣẹ yẹn ńkọ́? Ìyá mi ló sè é, ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Àpáta. Èmi ò se ọṣẹ rí láyé mi.

Mo lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń polówó ọjà lórí ayélujára ni. Ohùn olùkọ́ wa nìkan la máa ń gbọ́ lórí fóònù. Ó ní kí péèjì wa mọ́ tónítóní, kí oníbàárà má rí ìdọ̀tí iṣẹ́ rárá, nítorí olówó kì í ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó jọ ẹni tó ń jìyà. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí mo bá dé Àpáta láti ya àwòrán, màá to ọṣẹ sórí aṣọ funfun, ibi tí mo bá ti ń wo inú fóònù ni màá ti rí ọwọ́ ìyá mi ní igun kan, ọwọ́ tí eérú èèpo kókó ti sọ di dúdú títí dé abẹ́ èékánná. Màá ní, "Ẹ sún díẹ̀, mà, ẹ ti wọ inú fọ́tò." Wọ́n á gbé àpótí tí wọ́n fi ń jókòó, wọ́n á sún sẹ́yìn. Wọ́n á tún béèrè pé ṣé àwọn ti kúrò níbẹ̀. Wọn ò bínú rí, èmi náà ò sì rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ìyá mi máa ń gbé ọṣẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni oníbàárà kan láti Akóbọ̀ ní òun ń bọ̀. Ó ní ilé ìṣaralóge, ó ti ń tẹ̀lé péèjì mi tipẹ́, ó sì fẹ́ máa gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn. Mo nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé kóòtù wọ̀. Ọmọbìnrin náà dé, mo fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jù ú lọ, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò gbogbo ibẹ̀, ó ń yìn mí.

Àfi bí ìyá mi ṣe wọlé pẹ̀lú abọ́ ọṣẹ lórí. Wọ́n ní ìsọmọlórúkọ kan láti lọ lọ́jọ́bọ̀, ni wọ́n bá ní kí àwọn tètè gbé e wá. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn, èéfín ń rùn lára rẹ̀. Oníbàárà mi yíjú sí wọn, fóònù ṣì wà lókè, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta nìyí.

Ẹnu mi yìí! Mo ní, "Òṣìṣẹ́ wa ni. Wọ́n máa ń bá wa po ọṣẹ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, àmọ́ èmi ò tilẹ̀ gbìyànjú láti gbá tèmi mú kó tó balẹ̀. Ìyá mi wò mí. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Wọ́n sọ abọ́ kalẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n lè bí lábígbẹ̀yìn. Orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ tí mo nù lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ọ̀gá wa dáa. Ẹ máa ra ọjà lọ́wọ́ wọn."

"Wọn." Èmi tí wọ́n pọ̀n dàgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ Akóbọ̀ yẹn ló sáré gbá wọn lápá mú, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, ó ní àgbà kì í kúnlẹ̀ fún òun. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Èmi tí wọ́n bí, mo dúró gbagidi nínú kóòtù.

Ó gba ọṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fídíò náà jáde, ìkúnlẹ̀ ìyá mi sì wà níbẹ̀ kedere. Àwọn èèyàn ń yìn mí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run bù kún mi bí mo ṣe fún àgbàlagbà níṣẹ́. Mo fi ìka mi tẹ "Àmín" sísàlẹ̀ rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí "Àmín" yẹn, ara mi á bù máṣọ, kódà bí mo bá wà láàárín ọjà.

Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ní Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Àpáta, mo bá wọn nídìí ìkòkò, mo kúnlẹ̀ sínú eérú. Ẹkún ni mò ń sun. Wọ́n ní kí n dìde, aṣọ mi á dọ̀tí. Mo ní kí wọ́n bú mi, kí wọ́n nà mí.

Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ nà ọ́ fún? Ṣebí wọ́n ra ọjà."

Mo nu ojú mi. Mo sọ fún wọn pé màá ya àwòrán kan báyìí, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ń se ọṣẹ yìí. Mo gbé fóònù sókè sí ibi tí wọ́n wà. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dìde, wọ́n ti gbé àpótí wọn, wọ́n ti sún dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìkòkò nìkan ló kù lójú fóònù.

Wọ́n béèrè láti ibẹ̀ pé, "Ṣé mo ti kúrò níbẹ̀?"